Òkè Tó Borí Rapula

Eruku kòtò góòlù ni Rapula Mokhethi fà símú fún ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, kò sí awakùsà tó lè bá a sáré, ṣùgbọ́n máráthọ̀nì ńlá ti Soweto, eré ìje ọlọ́nà jíjìn, kò bọ́ sí i lọ́wọ́ rí. Ọjọ́ tí àwọn èèyàn bá ń sá a lókè, òun á wà nísàlẹ̀ ilẹ̀. Ìgbà tí wọ́n dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́, tó padà sílé ní Orlando, nínú Soweto, ó ní òun máa sá a lẹ́ẹ̀kan péré kí òun tó kú.

Phakiso, awakọ̀ takisí tí ilé wọn jọ kángun síra, ni wọ́n jọ ń jáde sáré láàárọ̀. Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kò sí wàhálà. Orí òkè tí eré náà máa ń gbà kọjá ni ìjà wà. Bí wọ́n bá ti gùn ún dé ìdajì, ikọ́ á gbé Rapula, á di ògiri onílé mú, á máa mí gúlegúle. Àwọn tó máa ń jókòó síwájú ilé ọtí kò sì jẹ́ kó gbádùn.

"Bàbá Palesa, ta ní ń lé yín?" ọ̀kan fi orúkọ ọmọ Rapula pè é, ó bi í. "Bó bá jẹ́ ìyàwó yín ni, ì bá ti bá yín tipẹ́."

Rapula rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà di ikọ́.

Ìyàwó rẹ̀ ló fà á lọ sílé ìwòsàn. Dókítà fi àwòrán àyà rẹ̀ hàn án, ó ní eruku òkúta ti gan mọ́ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, kò sì sí oògùn tó lè ṣí i kúrò. Kó máa rìn jẹ́jẹ́, kó má sáré mọ́. Nígbà tí wọ́n délé, pápù tí wọ́n fi àgbàdo rò tutù síwájú rẹ̀ láìjẹ.

"Ẹ fi òkè yẹn sílẹ̀," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

"Bí mo bá fi í sílẹ̀, kí ni mo fẹ́ máa jí ṣe?"

Obìnrin náà bu ẹ̀fọ́ kún abọ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ eré, Phakiso fẹ́ dúró tì í. Rapula lé e síwájú: "Máa lọ, jàre. Ẹsẹ̀ ò dùn mí. Èémí ni ò sí."

Ó dé ìsàlẹ̀ òkè nígbà tí àwọn tó ń pàtẹ́wọ́ ti ń ká àga wọn. Ó gùn ún títí ojú rẹ̀ fi ṣú, ó sì jókòó sẹ́bàá títì. Ọkọ̀ tó ń kó àwọn asáré tó kù sẹ́yìn dúró tì í. Awakọ̀ ṣílẹ̀kùn. Rapula wọlé. Kí ó tó fara ti àga dáadáa, ọkọ̀ ti gun òkè náà tán.

Láti ìgbà náà, kò jáde sáré mọ́. Ìyàwó rẹ̀ á gbé àga fún un sínú oòrùn lẹ́nu géètì. Ní ìbẹ̀rẹ̀, Phakiso àti ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń sáré kọjá, wọ́n á kí i, òun náà á sì gbọ́wọ́ sókè. Nígbà tó yá, kò rí wọn mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ní bóyá wọ́n ń tún títì ṣe níwájú. Rapula mọ̀ pé wọ́n ti yà sí òpópónà kejì nítorí òun, kí ojú má baà tì í. Láàárọ̀, ó ń gbọ́ ẹsẹ̀ wọn lẹ́yìn ilé, wọ́n ń lọ síbi òkè.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní kí ìyàwó òun bá òun gbé àga wọlé, pé oòrùn ti mú jù. Oòrùn kò tíì là dáadáa.