Apá Òsì Tí Aṣọ́lé Ò Wò

Sàrátù jókòó sí kọ̀rọ̀ ilé ọtí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ìṣeré ní Bronx, ó fi ọwọ́ méjèèjì di kọ́ọ̀pù tíì mú, ṣùgbọ́n kò mu ún. Òun nìkan ló wọ hìjáàbù níbẹ̀. Àwọn tó kù mú bíà dání, ọ̀pọ̀ wọn wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ewé, gbogbo wọn ló sì fajú ro bí ẹni tó ń ti ibi ìsìnkú bọ̀.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ na ẹgbẹ́ wọn ni. Ìpele tó kángun sí àṣekágbá ni wọ́n wà, góòlù mẹ́ta ló sì wọlé ní abala kejì. Àbdùlláhì, ọmọ Sàrátù, ni aṣọ́lé tí wọ́n gbá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọlé lójú rẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ dúró dè mí níbí," Àbdùlláhì ti wí fún un bí wọ́n ṣe parí. "Mo fẹ́ lọ wẹ̀. Mo máa gbé mọ́tò wá sí ẹnu ọ̀nà."

Tíì ti tutù báyìí, Àbdùlláhì ò sì tíì dé.

Ọmọ Abẹ́òkúta ni Sàrátù. Nígbà tí òun àti ọkọ rẹ̀ kọ́kọ́ dé New York, Bronx ni wọ́n ń gbé, nítòsí pápá ńlá kan tí àwọn Irish ti máa ń ṣeré lọ́jọ́ Sunday. Ibẹ̀ ni Àbdùlláhì ti rí bọ́ọ̀lù Gaelic, tí ọkàn rẹ̀ sì fà sí i. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé bọ́ọ̀lù ọ̀hún sáré, wọ́n á tún fi ẹsẹ̀ gbá a. Òpó méjì ló dúró gbọnrangandan, igi kan dábùú wọn láàárín, àwọ̀n wà nísàlẹ̀. Bọ́ọ̀lù tó bá kọjá lókè igi náà, máàkì kan ni. Èyí tó bá wọ àwọ̀n, máàkì mẹ́ta. Ó pẹ́ kó tó yé Sàrátù. "Ṣé kò sí bọ́ọ̀lù gidi ní Amẹ́ríkà ni?" ni ó máa ń béèrè. Ọmọ náà á rẹ́rìn-ín, á gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká, á lọ.

Wọ́n kó lọ sí Queens Village nígbà tó yá. Sàrátù rí iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ní Cambria Heights, ọkọ rẹ̀ sì ń wa ọkọ̀ akẹ́rù kiri ìpínlẹ̀. Àbdùlláhì jáde ìwé, ó rí iṣẹ́, ó ra mọ́tò, síbẹ̀ kò fi bọ́ọ̀lù náà sílẹ̀. Òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó máa ṣọ́lé fún ẹgbẹ́ wọn. Lọ́jọ́ tí wọ́n fún un ní ẹ̀wù aṣọ́lé, ó wọ̀ ọ́ jẹun alẹ́, ìyá rẹ̀ ò sì ní kó bọ́ ọ.

Nǹkan kan ṣẹlẹ̀ ní abala kìíní lọ́jọ́ tí à ń wí yìí. Bọ́ọ̀lù kan lọ sókè, Àbdùlláhì fò láti mú un, alátakò kan fò pẹ̀lú rẹ̀, igbọ̀nwọ́ ẹni náà sì gbá a lójú. Ó ṣubú. Sàrátù ti fẹ́ sáré wọ pápá. Ṣùgbọ́n ọmọ náà dìde, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó juwọ́ sí àwọn tó sáré wọlé pé kò sí nǹkan kan. Eré ń bá a lọ. Ìyá rẹ̀ sọ fún ara rẹ̀ pé òun ò gbọdọ̀ ṣe bí ìyá ọmọ jẹ́léósinmi.

Nílé ọtí náà, ní tábìlì tó kángun sí tirẹ̀, àwọn mẹ́ta kan ti ń jiyàn láti ìgbà tó ti jókòó. Ọ̀kan jẹ́ bàbá gíga kan, orí rẹ̀ funfun, Nathan ni wọ́n ń pè é. Àwọn òbí rẹ̀ ló wá láti Ireland, òun fúnra rẹ̀ sì ti gbá bọ́ọ̀lù yìí nígbà èwe rẹ̀. Christina, ìyàwó rẹ̀, jókòó tì í. Ẹni kẹta jẹ́ ọkùnrin apárí kan tó ń bínú sí gbogbo nǹkan, títí kan bíà ọwọ́ rẹ̀. Nathan ti kó ìgò iyọ̀, ìgò ata àti ìgò tòmátò jọ sórí tábìlì, ó ń fi wọ́n ṣe agbábọ́ọ̀lù.

"Ẹ wò ó," Nathan wí, "iyọ̀ yìí ni aṣọ́lé wa. Tí bọ́ọ̀lù bá ti jáde lẹ́yìn òpó, òun ló máa gbá a padà sínú pápá. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ń gbá a síhìn-ín, ó ń gbá a sọ́hùn-ún, kò sẹ́ni tó mọ ibi tó ń lọ. Ní abala kejì ńkọ́? Ọ̀tún, ọ̀tún, ọ̀tún! Àwọn alátakò yẹn ò ya òpè. Wọ́n kó ènìyàn jọ sí ọ̀tún, wọ́n ń mú bọ́ọ̀lù bí ẹni ń já máńgòrò."

"Kóòṣì ló ní kó máa gbá a sọ́tùn-ún," ọkùnrin apárí náà wí.

"Irọ́ ni! Ẹ̀yìn kóòṣì ni mo dúró sí. Ó ń pariwo 'Òsì! Òsì!' títí ohùn rẹ̀ fi há. Ọmọ wa kan wà ní òsì tó ń juwọ́ bí ẹni tó ń rì sómi, kò sẹ́ni tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Aṣọ́lé ò tilẹ̀ wò ó."

"Ìbẹ̀rù nìyẹn. Ọmọ yẹn ò láyà."

Ojú ti Sàrátù. Ó tẹ orí ba, ó ń wo inú tíì rẹ̀. Ó fẹ́ dìde, kó lọ dúró síta, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ ti ní kó dúró de òun níbẹ̀. Ó mú fóònù, ó pe Àbdùlláhì. Ó dún títí, kò gbé e.

"Góòlù ńkọ́?" Nathan tún bẹ̀rẹ̀, ó ń fi ìgò ata rìn lórí tábìlì. "Àkọ́kọ́, òsì ló gbà wọlé. Ìkejì, òsì. Ìkẹta ló wá dùn mí jù. Ẹni yẹn rọra rìn wá láti òsì bí ẹni tó ń lọ ra búrẹ́dì, aṣọ́lé ò yíjú rárá. Bọ́ọ̀lù ti wà nínú àwọ̀n kó tó mọ̀ pé ènìyàn wà níbẹ̀."

Sàrátù gbé orí sókè.

Ó rántí nǹkan kan. Bí eré ṣe parí, ó ti na ìgò omi sí ọmọ rẹ̀ lápá òsì, ọmọ náà ò sì gbà á. Ó dúró síbẹ̀ bí ẹni pé kò sí ìgò níwájú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Sàrátù pe orúkọ rẹ̀ kó tó yí gbogbo orí padà pátápátá láti wò ó. Ó ti rò pé inú ló ń bí i.

Ó dìde, ó lọ sí tábìlì wọn.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," ó wí lédè Gẹ̀ẹ́sì, "èmi ni ìyá aṣọ́lé."

Christina fi ẹsẹ̀ ta ọkọ rẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Ojú Nathan pọ́n kọjá bó ṣe pọ́n tẹ́lẹ̀.

"Ẹ má bínú, màdáámù. Eré ni à ń jiyàn lé, kì í ṣe pé..."

"Mi ò bínú. Ẹ tún un sọ fún mi. Ṣé apá òsì ni gbogbo rẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n..."

"Kí wọ́n tó fi igbọ̀nwọ́ gbá a lójú ńkọ́? Ṣé kì í wo òsì nígbà yẹn náà?"

Nathan mú ìgò iyọ̀. Ó fẹ́ gbé e síbì kan, ó wá dá ọwọ́ dúró. "Rárá," ó wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Ó ń wo ibi gbogbo nígbà yẹn." Ó gbé ojú sókè. "Ojú òsì ni wọ́n gbá."

"Ó fẹ́ wa mọ́tò lọ sílé," Sàrátù wí.

Ó ti ń sáré lọ sí ẹnu ọ̀nà. Ọ̀kan nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù ń ti ibi ìwẹ̀ bọ̀, irun rẹ̀ ṣì ń kán omi. Sàrátù dì í lápá mú, ó béèrè Àbdùlláhì lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ó ti lọ tipẹ́ o. Ó ní òun fẹ́ lọ gbé mọ́tò."

Ibi tí wọ́n páàkì sí láàárọ̀ ti ṣófo. Sàrátù dúró láàárín ọ̀nà, ó ń pe fóònù, ó ń dún, ó ń dún. Afárá gígùn tí wọ́n máa ń gbà kọjá lọ sí Queens ló ń rí lọ́kàn, pẹ̀lú àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ńláńlá tó máa ń ya ènìyàn sílẹ̀ lápá òsì. Ó ní "Yá Allah," ó tún tẹ nọ́ńbà náà.

Mọ́tò kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nathan ni, Christina wà lẹ́yìn.

"Ẹ wọlé," Nathan wí.

Wọ́n rọra ń lọ lẹ́bàá pápá ńlá tí Àbdùlláhì ti kọ́kọ́ rí bọ́ọ̀lù náà, tí kò jìnnà síbẹ̀. Sàrátù yọ orí síta, ó ń wo gbogbo mọ́tò aláwọ̀ búlúù tí wọ́n páàkì. Bí wọ́n bá gbọ́ fèrè ọkọ̀ àwọn pánápaná láti òkèèrè, Christina á na ọwọ́ wá síwájú, á di èjìká rẹ̀ mú. Nathan di ọwọ́ ọkọ̀ mú bí ẹni pé ẹnì kan fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Fóònù dún.

"Mọ́mì." Ohùn ọmọ náà kéré. "Mo máa pẹ́ díẹ̀. Mo ti lọ ha mọ́tò ẹnì kan."

"Níbo lo wà?"

"Lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ńlá. Mo kàn fẹ́ wà á díẹ̀, kí n wò ó bóyá mo lè gbé yín délé. Ẹ má bínú."

"Pa mọ́tò yẹn. Yọ kọ́kọ́rọ́. Má kúrò níbẹ̀."

Wọ́n bá a níbi tó jókòó sí lórí òkúta etí ọ̀nà, ó kẹ́sẹ̀ méjèèjì jọ bó ṣe máa ń ṣe ní kékeré. Dígí tí wọ́n fi ń wo ẹ̀yìn lápá òsì mọ́tò rẹ̀ ti já, ó ń fì. Sàrátù kúnlẹ̀ sórí títì, ó di ojú ọmọ rẹ̀ mú, ó fi ọwọ́ kan bo ojú ọ̀tún rẹ̀, ó na ìka ọwọ́ kejì sókè lápá òsì.

"Ìka mélòó lo rí?"

Àbdùlláhì ń gbìyànjú láti yí orí.

"Láhì, mo ní ìka mélòó?"

"Mi ò rí ìka, Mọ́mì. Nǹkan dúdú ni. Bíi kọ́tìnnì. Ó ti ń wálẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n gbá mi." Yorùbá rẹ̀ lọ pẹrẹsẹ bí ti àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n omijé wà nínú rẹ̀. "Tí mo bá sọ, wọ́n á yọ mí. Wọ́n á ní mi ò lágbára. Mo rò pé ó máa lọ."

Sàrátù fẹ́ bú u. Gbogbo èébú Abẹ́òkúta ló wá sí i lẹ́nu. Ó gbé wọn mì, ó fà á dìde, ó fi í sí ẹ̀yìn mọ́tò Nathan.

Nílé ìwòsàn, dókítà ojú tan iná sí ẹyinjú náà, ó pẹ́ lórí rẹ̀. Ó ṣàlàyé fún wọn pé awọ kan wà lẹ́yìn ẹyinjú tí ènìyàn fi ń ríran, àti pé awọ náà ti ń ṣí bí bébà tí omi kán sí lára ògiri. Kò tíì ṣí dé àárín. Tó bá dé àárín, ìríran lè má padà mọ́. Wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ láàárọ̀ ọ̀la.

"Ṣé á ríran?" Sàrátù béèrè.

"A máa sa gbogbo ipá wa," dókítà wí. Sàrátù ti gbọ́ irú èsì yẹn rí níbi iṣẹ́, ó sì mọ̀ pé kò túmọ̀ sí 'bẹ́ẹ̀ ni'.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bí wọ́n ṣe ti Àbdùlláhì wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, ọkọ Sàrátù pè é láti Ohio. Ó ti yí ọkọ̀ akẹ́rù padà, ó wà lójú ọ̀nà. Ìbéèrè kan náà lòun náà béèrè. "Mi ò mọ̀," Sàrátù dá a lóhùn, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ gé fóònù nínú àwọn méjèèjì.

Wọn ò tíì jáde nígbà tí ìrun ọ̀sán tó. Ó tẹ́ ìborùn rẹ̀ sí igun kọ́ríídọ̀, ó ń kírun, ó sì gbàgbé ráká, ìpele ìrun, tó wà. Ó tún un bẹ̀rẹ̀. Ó tún gbàgbé. Nígbà tó sálámà, tí ìrun parí, Nathan àti Christina wà lórí àga lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n mú búrẹ́dì dání.

"Ẹyin nìkan ló wà nínú rẹ̀, kò sí ẹlẹ́dẹ̀," Christina wí. "Mo béèrè dáadáa."

Sàrátù gbà á, ó sì jẹ díẹ̀ nítorí tiwọn. Nathan ń lọ́ fìlà rẹ̀ lọ́wọ́.

"Ìgbà tí góòlù kẹta wọlé, mo bú u," ó wí. "Mo bú u kíkankíkan. Bẹ́ẹ̀ ojú kan ló fi ṣọ́lé fún wa."

"Ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí n mọ̀," Sàrátù wí. "Èmi wo gbogbo eré, mi ò rí i."

Nígbà tí dókítà jáde, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ kó tó sọ̀rọ̀, Sàrátù sì jókòó padà. Wọ́n ti lẹ awọ náà mọ́ ibi tó yẹ kó wà. Ó kù kó dì mọ́ ibẹ̀. Fún ìgbà díẹ̀, Àbdùlláhì gbọ́dọ̀ máa dojú bolẹ̀, ìbáà jókòó, ìbáà sùn.

Báyìí ni ilé wọn ní Queens Village ṣe di ilé tí wọ́n ti ń bá ẹ̀yìn orí ènìyàn sọ̀rọ̀. Bàbá rẹ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kí ọmọ lè rí i. Sàrátù gba ààyè níbi iṣẹ́. Lóròòwúrọ̀, ó máa ń na ìka sísàlẹ̀ níwájú ojú òsì ọmọ rẹ̀, á sì béèrè iye tó rí. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ nìkan ló rí. Nígbà tó yá, ó rí nǹkan tó ń mì bí omi. Lọ́jọ́ Friday kan, ó ní, "Mẹ́ta ni. Ẹ sì ti yọ òrùka yín." Sàrátù wọ ilé ìdáná lọ, ó ṣí omi ẹ̀rọ sílẹ̀ kí wọ́n má baà gbọ́ igbe rẹ̀.

Dókítà ní ojú náà ò ní mú tó ti tẹ́lẹ̀, kò sì gbọdọ̀ gbá bọ́ọ̀lù lọ́dún yìí. Ti ọdún tó ń bọ̀, wọ́n á ṣì wò ó.

Ní ọ̀sán kan, Sàrátù gbé oúnjẹ wá, ó sì gbọ́ tí ọmọ rẹ̀ ń bá Nathan sọ̀rọ̀ lórí fóònù tó tẹ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Rárá o," Àbdùlláhì ń wí, "tí mo bá tiẹ̀ rí òsì, ẹ̀yìn wa ṣí sílẹ̀ jù. Ẹ gbọ́, tí mo bá padà dé..."

Sàrátù dúró lẹ́nu ọ̀nà, abọ́ ń jó o lọ́wọ́. Kò tíì mọ ohun tó máa sọ lọ́jọ́ tí ọmọ náà bá gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká láti padà sí pápá. Ó wọlé, ó gbé abọ́ náà sílẹ̀ níbi tí ojú ọmọ rẹ̀ ti lè tó o.

"Jẹun ná," ó wí.