Ìyáálé Ẹja Eléyín

Ọjọ́ tí Ọ̀gá gbé ẹja tuntun dé nínú ọ̀rá olómi, ọjọ́ náà ló mú Rísíkà dé láti Àjàṣẹ́-Ìpo. Ẹja ni mo kọ́kọ́ kí.

"Ìyá Dúpẹ́," Ọ̀gá ní, "mo mú ẹni tí yóò máa ràn ẹ́ lọ́wọ́ wá."

Ta ló sọ fún un pé mò ń wá ìrànlọ́wọ́?

Ẹnjiníà ni ọ̀gá mi, ọmọ Ọ̀mù-Àrán tó ti ṣiṣẹ́ títí lókè òkun, kó tó padà wá kọ́lé sílé lẹ́yìn tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Kwara sílẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sin ajá. Ẹja pìráńà lòun ń sìn ní tirẹ̀, nínú àpótí dígí ńlá kan ní yàrá ẹ̀yìn. Ẹja eléyín làwa ń pè é, torí eyín ẹnu rẹ̀ mú bíi ti ayùn. Àwọn ará àdúgbò ní yóò jẹ èèyàn tán pátá. Irọ́ ni. Ara wọn ni wọ́n ń bù jẹ, iṣẹ́ tèmi sì ni pé kí n má jẹ́ kó ṣẹlẹ̀.

Èmi nìkan ni mo mọ̀ wọ́n. Mo mọ̀ pé ebi ló ń kọ́kọ́ dá ìjà sílẹ̀, nítorí náà mò ń fún wọn ní ẹja gígé láàárọ̀ àti edé nírọ̀lẹ́, n ó sì kó ìyókù kúrò kí omi má baà rùn. Mo mọ̀ pé bí wọ́n bá ku méjì péré, ọ̀kan á pa èkejì. Kí wọ́n pọ̀ ló dáa, kí ìyà náà lè pín kiri. N kì í fi kékeré sáàárín ńlá. N kì í ṣí fèrèsé gbayawu, torí ìmọ́lẹ̀ ń já wọn láyà. Etí ìró mi ni kọ́kọ́rọ́ yàrá náà ń gbé. Bí òjìji mi bá ti kan dígí, gbogbo wọn á sáré wá. Ọmọ tí mo bí kò pàdé mi báyẹn rí.

Kò pẹ́ tí Ọ̀gá fi ní kí Rísíkà náà máa bọ́ wọn. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń wò ó. Òjìji rẹ̀ kan dígí, ni wọ́n bá sáré wá. Aláìmoore gbogbo! Ó dùn mí wọra.

"Ìyáálé ẹja," Ọ̀gá ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, "fa ìyàwó mọ́ra o." N kò rẹ́rìn-ín.

Ẹja tuntun náà ṣì wà nínú báàfù lọ́tọ̀, ká lè mọ̀ bóyá àìsàn wà lára rẹ̀. Ní ọjọ́ tí mo lọ kí àbúrò mi ní Arandun, mo fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ tìkọ̀-tìkọ̀. Bí mo ṣe dé, Rísíkà ló kúnlẹ̀ pàdé mi lẹ́nu géètì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí! Mo da ẹja yẹn sáàárín àwọn yòókù. Wàláhì, mo rò pé wọn á gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀ ni."

"Ẹja wo ló lọ́wọ́?"

Èyí tó tóbi jù, tí mò ń pè ní Baálé, tó fi ihò inú ìtì igi ṣe ilé, ti há àlejò náà mọ́ igun. Ó ti gé ìrù rẹ̀ jẹ. Inú mi kọ́kọ́ dùn, n ò ní purọ́. Àfìgbà tí mo rí i pé ẹja náà kò sá mọ́, ó kàn fara ti dígí, ó ń mí gúlegúle. Kí ló mọ̀ nípa èmi àti Rísíkà?

"Di pátákó yìí mú," mo ní. Mo fi pátákó náà dá omi sí méjì, kí Baálé má lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. A wá kó gbogbo òkúta jáde. A jọ gbé ìtì igi yẹn, èyí tí n ò lè dá gbé láéláé. A tún gbogbo rẹ̀ tò síbòmíràn nínú dígí náà.

"Kí la ń ṣe èyí fún, Ẹ̀gbọ́n?"

"Ẹni tó ní igun ló ń jà. Bí a bá tú ilé ká, gbogbo wọn di àlejò."

A yọ pátákó. Baálé lọ síbi tí ilé rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀, omi lásán ló bá níbẹ̀. Ó yí po, ó yí po, kò rántí ẹja tuntun mọ́.

"Ṣé ẹni tí wọ́n gbalé lọ́wọ́ rẹ̀ ò ní bínú ni?"

"Á bínú. Ẹni tí yóò bínú sí ni kò ní rí."

N kò mọ̀ pé Ọ̀gá dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi, ó fi kọ́ ìṣó ní ọ̀ọ̀dẹ̀. Àga tí mo máa ń jókòó lé nídìí dígí ti di àwátì. Bẹ́ǹṣì gígùn kan ló wà níbẹ̀.

"Rísíkà ló máa bọ́ wọn lónìí," ó ní, "ìwọ lọ́la. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ ó jọ máa pààrọ̀ omi. Mo tú ilé ká ni, Ìyá Dúpẹ́."

Mo wo Rísíkà, òun náà ń wá ibi tí yóò dúró sí. Mo wo Ọ̀gá, ó ń kí mi tẹ̀ríntẹ̀rín. Mo jókòó sí etí bẹ́ǹṣì, Rísíkà jókòó sí etí kejì, mo sì ń wá ẹni tí n ó bínú sí.