Bí Mo Ṣe Ná Òtẹ́ẹ̀lì Létí Òkun

Ìyàwó mi ti ibi iṣẹ́ òru dé láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ó jókòó ní kíṣìnì láìtíì bọ́ aṣọ iṣẹ́, ó ní, "Dádì, mo ti mọ ohun tí mo fẹ́."

Ẹ̀rù kọ́kọ́ bà mí. Obìnrin tó bá ọkùnrin gbé títí àwọn ọmọ fi kúrò nílé, tó wá sọ pé òun ti mọ ohun tí òun fẹ́, kí ọkọ rẹ̀ yáa di àga mú.

Mo ní, "Kí lo fẹ́, Màmá?"

"Òkun ni. Mo fẹ́ jí láàárọ̀, kí n ṣí fèrèsé, kí n rí òkun."

Ilé àwọn arúgbó kan ní Richardson ló ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí a ti dé Dallas. Òun ló ń gbé wọn dìde, òun ló ń wẹ̀ wọ́n, òun ló ń bá wọn wá eyín tí wọ́n gbàgbé sínú ife. Fèrèsé tó máa ń ṣí fún wọn láàárọ̀, ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí ló kọjú sí. Ó wá ku oṣù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì. Kò béèrè mọ́tò, kò béèrè wúrà. Ìlú kan tó ń jẹ́ Kavala, létí òkun nílẹ̀ Gíríìsì, ló ń béèrè. Òun ló ń kọ́ àwọn obìnrin nílé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ní ìjọ wa, ó sì ti pẹ́ tó ti ń sọ fún wọn nípa obìnrin inú Bíbélì tó ń ta aṣọ elésè àlùkò, tí wọ́n rì bọmi létí odò kan tí kò jìnnà sí ìlú náà.

"Mo ti ń fi ìka júwe ibẹ̀ lórí máàpù látọjọ́ yìí," ó ní, "bẹ́ẹ̀ n ò mọ bó ṣe rí. Owó wa ò pọ̀, ẹ̀yin náà mọ̀. Ẹ bá wa wá òtẹ́ẹ̀lì tí kò ní fa àpò wa ya. Ẹ̀yin kúkú lẹ mọ ọjà á ná."

Òótọ́ ni. Mi ò kàwé jìnnà, àmọ́ mo mọ ọjà á ná. Ní Amẹ́ríkà yìí tí wọ́n ti ń lẹ iye mọ́ ọjà lára bí ẹni pé Ọlọ́run ló kọ ọ́, mo ti ná bẹ́ẹ̀dì, mo ti ná táyà, mo ti ná dókítà eyín. Ọmọbìnrin wa kì í tẹ̀ lé mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù mọ́. Ó ní òun ò fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé èmi ni mo bí òun.

Iṣẹ́ wá dé ọwọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Wàhálà ibẹ̀ kan ṣoṣo ni pé ẹni tí wọ́n gbé iṣẹ́ òkun fún yìí, ó bẹ̀rù omi ju ológbò lọ.

Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí. Níbi tí wọ́n bí mi sí, lápá Ṣakí, omi kànga la mọ̀, omi tó mọ ìwọ̀n ara rẹ̀, tó ń dúró síbi tí wọ́n gbẹ́ ẹ sí. Mo ti di géńdé kí n tó rí òkun, ní Èkó. Mo dúró síbi tí mo rò pé ó jìnnà. Ìgbì kan wá, ó gbé bàtà mi kan lọ, ó fi ìkejì sílẹ̀ fún mi, bí ẹni tó fẹ́ kí n rí nǹkan ròyìn délé. Láti ọjọ́ náà, èmi àti omi ńlá ò tíì parí ọ̀rọ̀. Tí ìjọ wa bá lọ ṣeré létí adágún Lewisville, tí àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ mi bá ká ṣòkòtò dé orúnkún, èmi ni mo máa ń ṣọ́ kúlà ohun mímu. Kò sẹ́ni tó yàn mí. Kúlà ọ̀hún ò sì níbi tó ń lọ. Àwọn èèyàn á ní, "Ẹ wo bí Bàbá ṣe ń sìn wá!" Èmi á rọra mirí, bí ẹni tí ìrẹ̀lẹ̀ ń dà láàmú.

Ṣé kí n wá jẹ́wọ́ fún ìyàwó mi, pẹ̀lú gbogbo ewú orí mi yìí, pé òkun ń bà mí lẹ́rù? Mo fi ọ̀rọ̀ owó bojú.

Ọmọbìnrin wa wá kí wa ní Sátidé kan, ó bá mi ṣí kọ̀ǹpútà, ó fi bí wọ́n ṣe ń to àwọn òtẹ́ẹ̀lì láti orí èyí tí owó rẹ̀ rọjú jù hàn mí. Gbogbo Yorùbá tí mo bá sọ sí ọmọ náà, Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń dáhùn. Gẹ̀ẹ́sì náà ló fi kìlọ̀ fún mi: "Dádì, iye tó wà níbẹ̀ niye rẹ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe ẹnikẹ́ni."

Mo ní mo ti gbọ́.

Ká má parọ́, iṣẹ́ náà dùn mọ́ mi. Mo rí i pé tí ooru bá mú, tí gbogbo ayé ń rọ́ lọ síbẹ̀, iye òtẹ́ẹ̀lì kì í ṣe é fojú wò. Ṣùgbọ́n tí àwọn ọmọ bá ti wọlé ìwé báyìí, ó ti wálẹ̀. Wọ́n ní omi ṣì máa ń lọ́wọ́ọ́wọ́ nígbà náà, èyí tí kò kàn mí. Mo rí i pé ẹni tó bá sùn fún odindi ọ̀sẹ̀ máa ń sanwó tó fúyẹ́ ju ẹni tó sùn fún ọjọ́ bíi mélòó kan lọ, pé yàrá tó bá ní sítóòfù kékeré á gbà yín lọ́wọ́ ilé oúnjẹ, àti pé owó orí ìjọba kan wà tí wọn kì í kà mọ́ iye tẹ́ ẹ rí. Ìyẹn máa ń dúró dè yín níbẹ̀ ni, bí àna.

Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí mo bá rí àwòrán yàrá tó kọjú sí òkun, ọwọ́ mi á yára sún un kọjá. Kò sí èyí tí mi ò rí ẹ̀sùn kà sí lẹ́sẹ̀. Mo ní atẹ́gùn oníyọ̀ á ba aṣọ jẹ́. Mo ní ariwo ìgbì ò ní jẹ́ ká sùn. Mo ní ohun tí Ọlọ́run dá lọ́fẹ̀ẹ́ ni wọ́n fi ń gbowó lọ́wọ́ àlejò.

Níkẹyìn mo rí ọ̀kan: òtẹ́ẹ̀lì kékeré tí ìyá àgbà kan ni, tó mọ́ tónítóní, tó ní sítóòfù. Yàrá ẹ̀yìn rẹ̀ rọjú gan-an, nítorí ògiri ni fèrèsé rẹ̀ kọjú sí. Ayọ̀ mi kún. Mo pe ìyàwó mi. Ó gbé awò ojú wọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ wo kọ̀ǹpútà.

"Ó mọ́," ó ní. "Bẹ́ẹ̀dì náà dáa. Òkun dà?"

"Ó wà níbẹ̀."

"Níbo? Ògiri ni mo rí. Ògiri àti ológbò."

"Tó o bá kọ̀yìn sí fèrèsé yẹn, ibi tó o kọjú sí gan-an ni òkun wà."

"Dádì, ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ nìyẹn."

"Lẹ́yìn ilé ìwẹ̀."

Ó wò mí. "Èyí tó wà níwájú ńkọ́?"

"Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì." Òótọ́ ni mo sọ. Ẹ ò mọ bí òótọ́ ṣe máa ń wúlò tó fún ẹni tó ń parọ́.

Ó yọ awò rẹ̀, ó fi etí aṣọ nù ún. "Ó dáa," ó ní. "Ká má náwó ju ara wa lọ. Kí n ṣáà ti débẹ̀." Ó wọlé lọ.

Mo ti retí pé yóò bá mi jà. Mo ti to èsì sílẹ̀. "Ó dáa" yẹn ni mi ò retí. Fèrèsé kan péré ló béèrè, ó sì ti fà á lé mi lọ́wọ́ padà láìjiyàn. Ara tù mí, ojú sì tì mí. Àwọn méjèèjì jókòó sínú mi bí àjòjì méjì nínú ọkọ̀ kan náà.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, láàárọ̀ tiwa, ọ̀sán tiwọn, mo pe ìyá onílé náà. Mo ní bí mi ò bá lè fún ìyàwó mi ní òkun, kí n kúkú dín iye yàrá ògiri náà kù, ká lè rí owó ọkọ̀ lọ síbi odò inú Bíbélì yẹn. Ìyàwó mi ń dín dòdò. Mo tẹ fóònù sí sípíkà torí etí mi tí kò gbọ́ dáadáa mọ́. Ohùn ìyá náà ha bí ohùn ẹni tó ń pe adìẹ wọlé. Gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀ àti tèmi, ẹsẹ̀ làwọn méjèèjì fi rìn wá, nítorí náà wọ́n yé ara wọn.

"Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Yàrá ẹ̀yìn yín, fún ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí ooru bá rọlẹ̀, ẹ dín iye rẹ̀ kù fún wa."

"Iye tó wà lórí kọ̀ǹpútà niye rẹ̀."

"Màmá, kọ̀ǹpútà ò lójú àánú. Ẹ̀yin lẹ nilé."

Ó rẹ́rìn-ín. "Níbo lo ti ń pè?"

"Dallas, ní Texas."

"Texas! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní epo rọ̀bì!"

"Àwọn tó ni ín ò tíì ránṣẹ́ sí mi."

Ó wálẹ̀ díẹ̀. Mo ní kò tíì tó. Ó ní ó parí, òun ò lè yọ nǹkan kan mọ́.

Ẹni tó bá mọ ọjà á ná mọ̀ pé tó bá ti dé ibí yìí, ńṣe lèèyàn ń lọ. Wàá kọ̀yìn sí ọlọ́jà, wàá máa rìn, kì í ṣe kíákíá o, wàá rìn bí ẹni tí bàtà ń há lẹ́sẹ̀, kó lè ráyè pè ọ́ padà. Àmọ́ báwo lèèyàn ṣe ń rìn lọ lórí fóònù? Mo rò ó. Mo ní, "Ó dáa, Màmá, ó dàbọ̀ o." Mo gbé fóònù lé tábìlì, mo dìde, mo ń lọ sẹ́nu ọ̀nà lóòótọ́, mo sì ń wọ́ sálúbàtà nílẹ̀ kó lè gbọ́ ọ.

Ìyàwó mi gbójú sókè nídìí iná. "Dádì, kí lẹ ń ṣe?"

"Mò ń lọ ni."

"Síbo?"

Kí n tó dáhùn, ohùn ti bú jáde lórí tábìlì: "Padà wá! Ìwọ ọkùnrin yìí, padà wá!"

Mo padà. Ìyá náà ń rẹ́rìn-ín débi pé ó ń wúkọ́. Ó gba iye tí mo pè. Ó yẹ kí n dúpẹ́, kí n pa fóònù. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́gun ti gùn mí. Mo ní, "Màmá, èènì ńkọ́?"

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

Mo ṣàlàyé fún un pé lọ́dọ̀ wa, tí a bá ti ná ọjà tán tí ọ̀rọ̀ wa dọ́gba, ọlọ́jà á bu díẹ̀ sí i lọ́fẹ̀ẹ́, kí oníbàárà lè tún padà wá.

"Ìyá mi ta ẹja," ó ní. "Òun náà máa ń fi kékeré kan lé e. Ìwọ àti ta lẹ jọ ń bọ̀?"

"Èmi àti ìyàwó mi. Ó fẹ́ fẹ̀yìn tì. Àwọn arúgbó ló ń tọ́jú."

Mo rò pé ó máa fún wa ní kọfí ni, tàbí òróró ólífì inú ìgò kékeré. 

"Arúgbó lèmi náà," ó ní. "Mo mọ iṣẹ́ yẹn. Gbọ́. Lóṣù tẹ́ ẹ ń bọ̀ yẹn, àlejò kì í pọ̀. Màá gbé yín kúrò lẹ́yìn, màá fi yín síwájú, lókè pátápátá, iye kan náà. Bákónì ibẹ̀ yọ sórí omi. Èènì yín nìyẹn."

Mo yára gbé fóònù súnmọ́ ẹnu.

"Rárá, Màmá," mo ní, "ìyẹn ti pọ̀ jù. Ẹ fún wa ní kọfí."

"Kọfí wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀."

"Ẹ má ṣe wàhálà. Ẹ̀yìn yẹn tó wa. Ológbò yẹn gan-an wù wá."

"Ológbò náà máa ń wá síwájú."

Ìyàwó mi pa iná. Ó dé iwájú mi tòun ti ṣíbí tó fi ń yí dòdò. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ná dókítà eyín," ó ní. "Ẹnì kan fún yín ní òkun lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ wá ń bẹ̀ ẹ́ kó gbà á padà?"

Mo wo fóònù.

"Dádì, ṣé owó ni, àbí omi ni?"

Ìyá onílé ò gbọ́ Yorùbá, àmọ́ mo gbọ́ tó ń mí sínú fóònù bí ẹni tó gbọ́ ọ dáadáa.

"Omi ni," mo ní.

"Mo mọ̀. Ta ló ń jí kúlà gbé?"

"O mọ̀, o ò sì sọ?"

"Ẹ̀yin náà ò sọ." Ó fa àga, ó jókòó. "Ẹ wò ó, tí ẹ ò bá ní lè sùn, ká gba ti ẹ̀yìn. Màá máa rìn lọ wo òkun láàárọ̀, màá padà wá bá yín. N ò fẹ́ ká dé ilẹ̀ àjèjì kí ara yín má balẹ̀."

Ohun tó ní lọ́kàn ló sọ. Kò ṣẹ́jú, kò fẹnu ṣe ẹ̀sín. Ká ní ó bínú ni, ǹ bá rí nǹkan fi gbèjà ara mi.

"Ṣé ẹ ṣì wà níbẹ̀?" ìyá onílé ló ń béèrè.

"A wà níbẹ̀, Màmá. Bákónì yẹn, ṣé ó ní irin?"

"Ó ní irin."

"Ó ga dé ibo?"

"Dé àyà."

"Àyà ta ni, Màmá?"

"Àyà tèmi."

"Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹ ga?"

Ìyàwó mi fọwọ́ bo ẹnu. Ìyá náà ní, "Lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi, mo ga."

"Bẹ́ẹ̀dì ńkọ́? Ṣé ẹ lè bá wa sún un sápá ẹnu ọ̀nà?"

"Ọkùnrin yìí, mo lè so ó mọ́ ilẹ̀kùn tó o bá fẹ́."

"Ó dáa. Ti iwájú la fẹ́. Ẹ ṣeun o, Màmá."

A lọ, nígbà tí ooru ti rọlẹ̀. Láàárọ̀ àkọ́kọ́, mo jí, mi ò bá ìyàwó mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ilẹ̀kùn bákónì ṣí sílẹ̀. Ó dúró síta nínú ìró àti búláòsì, ife tíì lọ́wọ́ rẹ̀. Nísàlẹ̀, ọkùnrin kan ń fa àwọ̀n sínú ọkọ̀ ojú omi kékeré kan, ẹyẹ funfun méjì ń ṣọ́ ọ. Òkun tẹ́ lọ títí, kò bá ẹnikẹ́ni jà.

Mo di férémù ilẹ̀kùn mú. Mo gbé ẹsẹ̀ kan síta. Nígbà tó yá, mo gbé ìkejì.

Kò wẹ̀yìn. Ó kàn gbé ife náà fún mi. "Ẹ bá mi mú un dání, Dádì. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ wo ìsàlẹ̀ dáadáa."

Mo fi ọwọ́ kan mú ife. Mo fi ọwọ́ kejì di ẹ̀yìn ìró rẹ̀ mú gírígírí.

"Ẹ tú mi sílẹ̀," ó ní, ó ń rẹ́rìn-ín.

Mo ní kó máa wo òkun rẹ̀.