Omi Ìṣanṣọ Tó Mọ́ Jù

Ọgbọ̀n ọdún ni alágbàfọ̀ kan ti ń fọ aṣọ aláṣọ, omi ìṣanṣọ ló sì fi ń mọ̀ bóyá aṣọ ti mọ́. Kì í wo aṣọ rárá. Yóò bu omi sínú ife, yóò gbé e sójú oòrùn. Bó bá dúdú díẹ̀, aṣọ á padà sínú ọṣẹ. Ìyàwó rẹ̀ ló ń bójú tó aṣọ lílọ̀. Bí kọ́là bá fi lè hunjọ lójú obìnrin yẹn, ẹni tó lọ̀ ọ́ ti dáràn.

Ó ti pé ọdún mẹ́fà tí àìsàn lúpọ́ọ̀sì ti wà lára ìyàwó yìí. Dókítà ní àwọn ọmọ ogun ara rẹ̀ ló ṣi onílé mú fún olè, tí wọ́n dojú ìjà kọ ọ́. Oògùn ń ká wọn lọ́wọ́ kò, àfi lọ́sẹ̀ tí ogun náà dé ọpọlọ. Obìnrin náà wo ọkọ rẹ̀ bí ẹni tó rí àlejò, ó ní, "Ẹ káàsán, sà." Alágbàfọ̀ sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Dókítà ṣàlàyé pé àwọn yóò fi ẹ̀rọ kan tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ kún oògùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo alárùn yìí ni wọ́n ń ṣe é fún, ó sì lè má ṣiṣẹ́. Ohun ìjà àwọn ọmọ ogun náà ń lúwẹ̀ẹ́ nínú omi ẹ̀jẹ̀. Wọn yóò fa ẹ̀jẹ̀ jáde, wọn yóò yọ omi náà kúrò, wọn yóò fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ yóò sì padà sílé. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni wọn yóò ṣe é.

Alágbàfọ̀ jókòó ti ẹ̀rọ náà, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ń gba rọ́bà kan jáde, ó ń gba òmíràn wọlé, aya rẹ̀ sì ń sùn jẹ́jẹ́. Ẹ̀rù bà á, inú rẹ̀ sì dùn sí ọgbọ́n ọmọ aráyé. Ló bá ṣí fìlà fún ẹ̀rọ. Nọ́ọ̀sì rí i, ó ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Àpò omi tí wọ́n yọ ló wá dà á láàmú. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wò ó sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé: pupa rúsúrúsú, ó mọ́ gaara.

"Nọ́ọ̀sì, omi ìṣanṣọ ni èmi alágbàfọ̀ fi ń mọ aṣọ tó mọ́. Omi yìí ti mọ́ jù. Ẹ má lọ da èyí tó dáa nù."

"Bàbá, ohun tó ń bá ìyàwó yín jà nínú ẹ̀ kéré ju ohun tójú lè rí lọ. Ẹ fi omi sílẹ̀, aṣọ ni kẹ́ ẹ máa wò."

Ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni kọ́ ọ níṣẹ́ ara rẹ̀ nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, ojú aya rẹ̀ nìkan ló ń wò. Wọ́n ṣe ẹlẹ́ẹ̀kejì, aya rẹ̀ ṣì ń pè é ní "sà". Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, "sà". Ẹlẹ́ẹ̀kẹrin, ó kọjú sí ògiri.

Lọ́jọ́ kejì ẹlẹ́ẹ̀karùn-ún, alágbàfọ̀ wọ ẹ̀wù tó fúnra rẹ̀ lọ̀ wá. Obìnrin náà tẹjú mọ́ kọ́là rẹ̀ títí.

"Ta ló lọ ẹ̀wù yìí?"

"Èmi ni."

"Bàbá wọn, ẹ bọ́ ọ. Ẹ fẹ́ dójú tì mí láàárín èèyàn."

Ó bọ́ ọ. Ó jókòó láàárín wọ́ọ̀dù tòun ti àwọ̀tẹ́lẹ̀, ẹ̀wù lọ́wọ́, ó ń sunkún, aya rẹ̀ sì ń fi ìka tọ́ka sí ibi tí áyọ́ọ̀nù kò dé.