Bàtà Òjò Ìyàwó Ọmọ Mi

Nígbà tí ọmọ mi ọkùnrin ní kí n fi ìlú wa ní Ọ̀ṣun sílẹ̀, kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun lọ́nà Ailegun, ariwo Èkó kọ́ ló bà mí lẹ́rù. Ohun tó bà mí lẹ́rù ni kí n wá jókòó bí àlejò. Ẹni tó ti ń roko láti kékeré, tí wọ́n bá ní kó sinmi, ara rẹ̀ á máa ro ó ni.

Ọmọ mi yìí, bàbá rẹ, ọkọ̀ akẹ́rù ló ń wà, òkè Ọya ló sì máa ń wà. Èmi àti ìyàwó rẹ̀ la jọ ń gbé inú yàrá méjì tó háyà. Ìyàwó mi ni mo ń pè é. Níbi tí wọ́n ti ń sin ẹja àrọ̀ ló ń ṣiṣẹ́, oyún sì ti wà lára rẹ̀. Ojoojúmọ́ ló ń wọ ẹrẹ̀ pẹ̀lú bàtà òjò, irú èyí tí wọ́n fi rọ́bà ṣe, tó ga dé abẹ́ orúnkún. Tó bá dé nírọ̀lẹ́, á bọ́ ọ sẹ́nu ọ̀nà, ẹrẹ̀ lóde, omi nínú. Tó bá di àárọ̀, á tún ti ẹsẹ̀ bọ omi àná.

Mo wò ó, mo wò ó. Mo ní, "Ìyàwó mi, jẹ́ n bá ọ fọ bàtà yìí."

Ó kúnlẹ̀. "Màámi, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa fọ bàtà ẹsẹ̀ mi. Ta ló máa gbọ́ ọ, tí kò ní bú mi?"

Òótọ́ ló sọ. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa ni, ọmọdé ló ń fọ bàtà àgbà.

Ṣùgbọ́n tó bá ti jẹun tán tó dùbúlẹ̀, màá rọra gbé bàtà náà lọ sẹ́yìn ilé. Pákò tó ti gbó ni mo fi ń ha àárín eyín ìsàlẹ̀ rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni òórùn ẹja ń sá pamọ́ sí. Màá fi ọṣẹ dúdú àti kànrìnkàn fọ ìyókù. Mo ri igi méjì mọ́ inú korobá oníyanrìn, orí wọn ni mo ń dorí bàtà kodò sí kí omi lè ro. Mi ò gbé e sún mọ́ ààrò o, rọ́bà kì í ṣe ẹran tí à ń yan. Tómi bá ro tán, màá ki àkísà tí mo ya lára ìró mi àtijọ́ bọ inú rẹ̀, kó fa ọ̀rinrin tó kù. Kó tó jí láàárọ̀, màá ti yọ àkísà, màá wá fi ẹrẹ̀ díẹ̀ pa ẹ̀yìn bàtà padà, kó má baà fura. Má rẹ́rìn-ín, kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́.

Ó wá di ọjọ́ kan, mo gbàgbé àkísà sínú ẹsẹ̀ kan. Ó ń kánjú, ó ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ohun tó rọ̀.

"Eku! Eku wà nínú bàtà mi!"

Ó ju bàtà náà nù, ó ń fi ẹsẹ̀ kan tọ kiri. Ìyá ìbejì tó ń gbé yàrá tó tẹ̀lé tiwa gbé ìgbálẹ̀ jáde, ó na bàtà, ó nà á, kò dá a sí. Ó dorí bàtà kodò, ó gbọ̀n ọ́n, àkísà aláró bọ́ sílẹ̀. Kò sẹ́ni tí kò mọ ìró yẹn nínú ilé.

Ìyá ìbejì ní, "Eku yìí mà ró ìró màmá." Ó yíjú sí ìyàwó mi. "Ìyàwó, o ti gba ìyá ọkọ síṣẹ́ ni? Bá mi bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n fọ tèmi mọ́ ọn."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ìyàwó mi ò rín. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, abẹ́ ibùsùn rẹ̀ ló ń tọ́jú bàtà sí, pẹ̀lú omi inú rẹ̀. Kò bá mi jà, ó kàn ń gbé e pamọ́ ni. Kò pẹ́, àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bó, ó ń tiro. Aláboyún tó ń tiro nínú ẹrẹ̀, tó bá yọ̀ ṣubú ńkọ́?

Ìrọ̀lẹ́ kan, òjò ti pa á dé. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó fẹ́ bọ́ bàtà, ikùn ò jẹ́ kọ́wọ́ dé ibẹ̀. Omi ti fa ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Mi ò bi í léèrè. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú rẹ̀, mo di gìgísẹ̀ bàtà mú, mo fà á. Lójijì ló yọ, mo fìdí lélẹ̀, omi ẹja dà sí mi láyà. Ó bú sẹ́rìn-ín. Kí ẹ̀rín náà tó tán, ó ti ń sunkún.

Mo ní, "Ìyàwó mi, ta ló máa wẹ ọmọ yìí tó o bá bí i?"

"Ẹ̀yin ni, Màámi."

"Ta ló máa fi omi gbígbóná jó ọ níkùn?"

"Ẹ̀yin náà ni."

"Èmi tí màá rí gbogbo ara rẹ, ṣé bàtà rẹ ni ojú mi ò gbọdọ̀ rí?"

Ó nu imú. "Tó bá rí bẹ́ẹ̀, èmi ni màá máa bu omi sí i."

Bá a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Á jókòó lórí àpótí, á máa rọra da omi, èmi á máa fọ̀. Ibẹ̀ ló ti ń sọ fún mi bí ọmọ ṣe ń yí nínú rẹ̀. Ìyá ìbejì tó bá ń kọjá á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin méjèèjì." Mo fi òrí pa ẹsẹ̀ náà títí tó fi jinná.

Nígbà tó bímọ, mo fọ bàtà náà, mo jẹ́ kó gbẹ lábẹ́ òrùlé, níbi tí oòrùn ò dé. Mo wá ki àkísà sí i kó lè dúró ṣánṣán, nítorí rọ́bà tó bá ká, ibi tó ti ká ló ti máa ń là. Mo dì í sínú àpò, mo fi kọ́ ìṣó, kí eku gidi má baà sọ ọ́ dilé.

Àárọ̀ ọjọ́ tó padà síbi iṣẹ́, mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀ fún un. Kò ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Ọwọ́ ló kọ́kọ́ tì bọ̀ ọ́, ó fa àkísà yọ, ó wò mí.

"Màámi, eku yín rèé."

Ó wọ bàtà náà, gbígbẹ, ó jáde. Ìwọ tó ń bá mi kọ ọ́ yìí, ẹ̀yìn mi lo wà lọ́jọ́ náà, o ti sùn lọ.