Ọkọ Ánà

Ọkùnrin kan wà tí mo jowú rẹ̀ ní Lọ́kọ́ja nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, mo sì ń jowú rẹ̀ dòní. N kò rí i rí. Ọkọ Ánà ni, bàbá Màríà ìyá Jésù.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Sàró dé nígbà náà, mo ń kọ́ni ní ilé ìwé ìjọ wa nísàlẹ̀ òkè Páttì. Ìyàwó mi, ọmọ Òwòrò, kò tí ì bímọ. Nítorí pé kò sí orúkọ ọmọ tí ì bá fi máa pè mí, "Tíṣà" ló ń pè mí. Ìyá mi ti rí ọmọbìnrin kan ní Kpata tó fẹ́ kí n fi ṣe ìyàwó kejì.

Ìgbà yẹn ni ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ sí í yà sọ́dọ̀ àwọn Àgùdà tó bá ti pọnmi lódò. Fadá wọn ti sọ ìtàn Ánà fún àwọn obìnrin: bí ó ṣe yàgàn títí tí ọjọ́ fi lọ lórí rẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ ọrẹ ọkọ rẹ̀ ní tẹ́ńpìlì nítorí pé kò lọ́mọ. Ọkùnrin náà kò fẹ́ ẹlòmíràn. Ó gba inú ijù lọ, ó ń gbààwẹ̀ kí Ọlọ́run lè dá a lóhùn.

"Tíṣà," ni ìyàwó mi ń wí bó ti ń rẹ́ ilá, "ọkọ Ánà kò jẹun o."

"Kò sí ọkọ Ánà nínú Bíbélì."

"Mo gbọ́. Kò sáà jẹun."

Bí mo bá ní kó bu ọbẹ̀ kún ti àwo mi, á rẹ́rìn-ín: "Ẹ máa jẹ ẹ́ lọ. Ẹ̀yin kọ́ lẹ wà ní ijù."

Nígbà tí ara mi kò gbà á mọ́, mo lọ bá Fadá. Mo ní ibo ló ti rí ọkùnrin yìí. Kò bá mi jà.

"Ìwé àtijọ́ kan ló sọ ọ́," ni ó wí. "Ìjọ wa kò kà á mọ́ Bíbélì, a kì í sì í kà á ní Mísà. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ la ti gbọ́ orúkọ àwọn òbí Màríà, a kò sì jù wọ́n nù. Ọdọọdún là ń ṣe ọjọ́ Ánà."

Mo sáré délé bí ẹni tó jàre ẹjọ́. "Fadá fúnra rẹ̀ ní ìwé náà kò sí nínú Bíbélì!"

"Ṣé ó ní ọkùnrin náà fẹ́ ìyàwó kejì ni?"

Nígbà tí ìyá mi tún dé, mo sọ fún un pé n kò fẹ́ ọmọ Kpata náà. Owú ló sọ ọ́ lẹ́nu mi. N kò fẹ́ kí ọkùnrin yẹn borí mi nínú ilé ara mi. Inú bí ìyá mi gidi, mo bá wọ ọkọ̀ ojú omi lọ kọ́ni ní abúlé kan lókè odò títí ara rẹ̀ yóò fi balẹ̀.

Ọjọ́ tí mo padà, ìyàwó mi ti dúró létí odò. "Òkun o!" ló kígbe, bí àwọn Òwòrò ṣe ń kíni, ó sì sáré wọ inú omi wá, ó rọ̀ mọ́ mi lọ́rùn lójú gbogbo ayé. Ìyàwó ilé kankan kì í ṣe bẹ́ẹ̀ nílùú wa. Àwọn Núpé tó ń tukọ̀ hó yèè.

Mo mọ ibi tó ti kọ́ ọ. Nínú ìtàn Fadá, bẹ́ẹ̀ ni Ánà ṣe dúró lẹ́nu ibodè, tó rọ̀ mọ́ ọkọ rẹ̀ lọ́rùn nígbà tó ti ijù dé. Ó dì mọ́ mi gírígírí, èmi sì ń rò ó pé èwo nínú àwa ọkùnrin méjèèjì ló dì mọ́.

Ọmọ kò dé. "Tíṣà" ló ń pè mí títí tó fi kú. Ó ti wà níbi tí ọkọ Ánà wà báyìí, èmi ṣì wà níhìn-ín.