Ọkọ̀ Ojú Irin Tó Mọ̀ Ọ́n Yà

Ọ̀dà pupa ni mo bá lára ògiri ilé bàbá mi ní Ajégúnlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Owódé Onírin. Wọ́n ní ọkọ̀ ojú irin tó ń sáré bí àṣá máa gba ibẹ̀ kọjá, kí àwọn onílé tètè fọwọ́ síwèé kí wọ́n sì kó jáde. Ilé kan ṣoṣo tí bàbá mi ní láyé nìyẹn. Ara fu mí. Mo tọ ọ̀dà náà láti ilé dé ilé kí n tó bá bàbá mi lọ sípàdé àwọn onílé.

Ọkùnrin tó pe ara rẹ̀ ní ẹnjiníà gbé àwòrán mẹ́ta dúró níwájú wa. "Ti Japan rèé, ti France rèé, ti China rèé. Tiwa máa ju gbogbo wọn lọ."

Jọ́gíráfì ni mo kà ní yunifásítì. Mo dìde, mo ní ní Japan, inú òkè ni wọ́n gbẹ́ kọjá, wọn ò pẹ́ ẹ sílẹ̀. Ní France, wọ́n la oko àwọn àgbẹ̀ já tààrà. Ti Shanghai ní China, mágínẹ́ẹ̀tì ló gbé e sókè, kò tilẹ̀ fẹsẹ̀ kan irin. Síbẹ̀ tó bá fẹ́ yà, díẹ̀díẹ̀ ni, lórí ilẹ̀ tó gùn. Ìkankan nínú wọn kì í ṣẹ́ kọ́nà bí ọ̀kadà.

"Ẹnjiníà, kí ló dé tí ọ̀dà yín fi yí yáàdì irin àlòkù alága ìpàdé yìí ká, tó tún wá padà sórí ilé bàbá mi?"

Alága ìpàdé wò mí. "Ìwọ, ṣé o ti wọ irú ọkọ̀ yẹn rí?"

"Mi ò wọ̀ ọ́ rí, sà."

"Ó wá ń kọ́ dẹrẹ́bà níwakọ̀." Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ẹnjiníà náà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Àǹtí, ẹ fọkàn balẹ̀. Tiwa mọ̀ ọ́n yà dáadáa."

Ìyá kan tó ń ta tòmátò ní Mile 12 gbé ojú sókè. "Tó bá mọ̀ ọ́n yà, kó yà fún tèmi náà."

Ni ẹlòmíì bá ní kó yà fún tòun. Kò pẹ́, gbogbo ilé tó gba ọ̀dà ni wọ́n ń bẹ ọkọ̀ pé kó yà fún. Ẹnjiníà bẹ̀rẹ̀ sí í ká àwòrán rẹ̀, alága ní ìpàdé ti parí.

Bàbá mi ò fọwọ́ síwèé. Ṣùgbọ́n àwọn kan ti fọwọ́ sí i kí n tó lanu, wọ́n sì ti kó lọ. Ojú irin kankan ò dé títí di òní. Wọ́n ti mọ ògiri yí ilẹ̀ àwọn tó kó lọ ká, mi ò sì tíì rí ẹni tó lè sọ fún mi ta ló mọ ọ́n.